Okùn Kan Kì í Fọ Ohùn Méjì

Léraléra ni ìwé orin fún fíólà àti sẹ́lò (ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tí a ń fi ọ̀pá fà) ń dé ọwọ́ wa, tí kọ̀ǹpútà gbé jáde geere, àmọ́ tí ọwọ́ ènìyàn kò lè mú. Ẹni tó kọ ọ́ á ní, "Ẹ̀rọ mi ṣáà gbé e jáde." Ẹ̀rọ kò ní ìka.

Okùn fíólà ń jẹ́ C, G, D, A láti ìsàlẹ̀; bákan náà ni ti sẹ́lò, àmọ́ ó fi ọ́kítéèfù 1 (láti C kan dé C tó tẹ̀ lé e) rẹlẹ̀. Ẹ kọ C ìsàlẹ̀ pátápátá fún fíólà, kí ẹ ní kó fà á pọ̀ mọ́ E tó wà lókè rẹ̀: kò ṣeé ṣe láé. Orí okùn C nìkan ni ohùn méjèèjì wà, nítorí okùn tó tẹ̀ lé e, orí G, tó ga ju E yẹn lọ, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé C àti E yẹn gan-an fún sẹ́lò: ìka kẹrin á tẹ C lórí okùn G, ìka kìíní á tẹ E lórí okùn D, ọwọ́ kò sì ní kúrò níbi tó wà. Nítorí náà, nínú ohùn méjì tí fíólà bá máa fà pọ̀, ó kéré tán, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ga tó G okùn kejì. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó wò ó bóyá ìka nà dé ibẹ̀.

Àwọn kan tún ń kọ́ ọmọlọ́mọ pé fíólà kò ju fáyólíìnì tó tóbi lọ. Irọ́ ni! Àpótí fáyólíìnì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 36. Bí fíólà bá jẹ́ fáyólíìnì tí a kàn fẹ̀ lójú kí ohùn rẹ̀ lè rẹlẹ̀ tó bó ṣe yẹ, àpótí rẹ̀ ì bá gùn tó 53. 38 sí 43 la sábà ń rí. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ tó ṣókùnkùn ti wá. Ẹni tó kàn sọ orin fáyólíìnì kalẹ̀ fún un, tó pè é ní orin tuntun, jìbìtì ló ń ṣe.

Bí sẹ́lò bá gun òkè okùn A rẹ̀, igbe ló ń ké. Bí fíólà bá wà lórí okùn C rẹ̀ lákòókò náà, sẹ́lò yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí sẹ́lò fi ìka ta tirẹ̀, tàbí kí ẹ gbé fíólà lọ sórí okùn A.

Ẹ̀bùn tó wà nínú okùn olórúkọ kan náà yìí, ẹ kì í lò ó. Ẹ ní kí sẹ́lò fi ìka kan okùn A fẹ́ẹ́rẹ́ ní agbedeméjì gan-an, láì tẹ̀ ẹ́; ohùn okùn A fíólà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ni yóò jáde. Ohùn kan, àwọ̀ méjì. Bí fíólà bá wá tẹ ohùn yẹn lórí okùn D rẹ̀, tó rọra ń fi ìka sún un sókè, ìgbì (ohùn tó ń le, tó tún ń rọ̀, léraléra) á máa lù láàárín wọn, yóò kọ́kọ́ falẹ̀, lẹ́yìn náà á yára. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 8 tàbí 10 sílẹ̀ fún un. Ẹ má kánjú.