Awò VR Aládàádúró: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ará Èkó Wò Kó Tó Rà Á

Kí awò VR aládàádúró tó dé, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń gbà lo VR, ìyẹn awò tí a ń dé sójú, tó ń mú kó dà bíi pé a wà nínú ayé tí kọ̀ǹpútà yà. Àwọn kan ń ki fóònù bọ inú páálí tàbí ike tó ní lẹ́ńsì méjì, irú Cardboard tí Google gbé jáde ní 2014. Àwọn kan ń so awò mọ́ PlayStation. Àwọn díẹ̀ tí ọwọ́ wọn tẹ owó ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi ń ṣe gèémù. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú lásán ni awò yẹn jẹ́, ibòmíràn ni ọpọlọ wà.

Aládàádúró kó gbogbo rẹ̀ sórí: ọpọlọ tó ń ṣírò, bátìrì, ibi ìpamọ́, spíkà, Wi-Fi àti kámẹ́rà. Ó dà bí alábàárù Ìdúmọ̀tà tó pa ọmọlanke tì, tó wá gbé ẹrù rù. Ó lè gba kọ̀rọ̀ tí ọmọlanke kò lè gbà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọrùn rẹ̀ bá gbà ló lè rù. Ibi tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ awò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣírò nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí àwòrán ṣe mọ́ tó ni ẹni tó ń tà á máa kọ́kọ́ fi yangàn.

Iṣẹ́ tó le jù nínú VR ni mímọ ibi tí orí ẹni tó dé e wà. Fóònù inú páálí mọ̀ bí orí bá yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, bó bá gbójú sókè, bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò mọ̀ bí ẹni náà bá gbẹ́sẹ̀ síwájú, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ láti yọjú wo abẹ́ tábìlì. Bó ṣe ń sún ni ayé inú awò ń bá a sún. Ibẹ̀ ni òòyì ti ń wá: ojú ń sọ pé a ò kúrò lójú kan, inú etí tó ń ṣọ́ ìdúró ara ń sọ pé a ti kúrò, ọpọlọ ò wá mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́. Ẹni tó bá sọ pé VR ò bá òun lára mu, ó lè jẹ́ pé irú èyí ló lò.

Aládàádúró ń fi kámẹ́rà ara rẹ̀ wo yàrá. Ó ń mú igun ògiri, etí àga, férémù fèrèsé, ìlà táìlì ilẹ̀, ó sì ń fi àwòrán ìsinsìnyí wé èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí etí àga bá sún sósì nínú àwòrán, a jẹ́ pé orí ti sún sọ́tùn-ún. Láàárín àwòrán kan sí èkejì, ohun èlò kékeré kan tó ń mọ bí orí ṣe ń mira, irú èyí tó wà nínú fóònù, ń dí àlàfo náà. Páàdì méjèèjì tí èèyàn ń mú lọ́wọ́ ní àwọn iná wẹ́wẹ́ tí ojú èèyàn kò lè rí àmọ́ tí kámẹ́rà ń rí, ìyẹn ni awò fi ń mọ ibi tí ọwọ́ wà. Ẹni tó bá gbé páàdì sẹ́yìn rẹ̀ pẹ́, awò á ṣì í mú. Lẹ́yìn gbogbo ìṣírò yìí, àwòrán gbọ́dọ̀ yí padà ó kéré tán nígbà 72 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Quest 3, aládàádúró tí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ṣe, lè dé 120. Bó bá falẹ̀ ju 72 lọ, òòyì náà á padà wá.

Nítorí pé kámẹ́rà ló ń ṣe é, yàrá gbọ́dọ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ́wọ́ alẹ́, bátìrì awò ṣì wà, ṣùgbọ́n àwòrán á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà awò á sọ pé òun ò rí ibi tí òun wà mọ́. Iná rechargeable kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù ti tó láti tún un ṣe. Ògiri funfun gbalaja tí kò ní nǹkan kan lára ń dà á láàmú, dígí ńlá náà ń dà á láàmú. Oòrùn wá ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an: lẹ́ńsì ń kó ìtànṣán jọ sójú kan lórí skíríìnì, ó sì lè jó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó gbé awò sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó dojú lẹ́ńsì kọ ìta, tó wá gba ibi iṣẹ́ lọ, lè bá àpá ofeefee lójú rẹ̀ nígbà tó bá dé. Àpá yẹn kì í lọ.

Àyè tún wà níbẹ̀. Fún gèémù tí èèyàn ń rìn nínú rẹ̀, nǹkan bí mítà méjì níbùú àti lóròó ni Meta ní kéèyàn ní. Nínú yàrá kan ní Mushin tí bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti àga ti gba gbogbo ilẹ̀, mítà méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ṣeé lò ní ìjókòó tàbí ní ìdúró sójú kan, ọ̀pọ̀ gèémù àti gbogbo fíìmù ló sì gba bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ìjókòó nìkan ni yóò máa fi lò ó ti sọ ìdajì ohun tó ń sanwó fún nù. Fáànù orí àjà náà ń bẹ. Ààlà tí èèyàn fi páàdì yà sílẹ̀, kó má bàa kọlu nǹkan, kò mọ̀ pé nǹkan ń yí lókè, ọwọ́ tó na páàdì sókè láti gbá bọ́ọ̀lù á sì mọ̀ ọ́n lójijì.

Ọ̀rọ̀ iná ni aládàádúró ti fi ẹ̀yìn àwọn tó kù balẹ̀ ní Èkó. Kọ̀ǹpútà gèémù pẹ̀lú skíríìnì rẹ̀ lè máa jẹ wáàtì 300 sí 500 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ṣájà Quest 3 jẹ́ wáàtì 18. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbádùn iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Pẹ̀lú iye yẹn, wákàtí mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 400 jẹ́ nǹkan bí náírà 270. Kí bátìrì Quest 3 kún láti òfo kò tó náírà 10. Àmọ́ owó gan-an kọ́ ló ń dun èèyàn jù. Kọ̀ǹpútà gèémù kò ṣeé gbé lé jẹnẹrétọ̀ kékeré, ínfátà ilé náà kì í fẹ́ràn rẹ̀, bí iná bá sì lọ láàárín gèémù, gbogbo rẹ̀ dópin. Awò aládàádúró kò tilẹ̀ mọ̀ pé iná lọ, níwọ̀n ìgbà tí rechargeable bá ti wà ní títàn. Wákàtí méjì lé díẹ̀ ni bátìrì Quest 3 ń lò, Quest 3S, tí owó rẹ̀ kéré jù ú lọ, tó nǹkan bí méjì ààbọ̀. Power bank nínú àpò ṣòkòtò pẹ̀lú wáyà USB-C gígùn á fi kún un.

Ohun tí èèyàn ń pàdánù ni agbára. Ọpọlọ irú ti fóònù ló wà nínú Quest 3 àti 3S, Snapdragon XR2 Gen 2. Kò lè gbé gèémù ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti ìdíje mọ́tò tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó jẹ́ pé ìyẹn ló fẹ́ràn, tó sì ti ní kọ̀ǹpútà tó dáa pẹ̀lú iná tó dúró, kò nídìí láti jù ú nù. Ó lè ra aládàádúró kó sì máa fi Wi-Fi gba àwòrán láti ara kọ̀ǹpútà náà. Inú ilé ni àwòrán yẹn ń gbà kọjá, kì í jẹ dátà. Kìkì pé ó nílò ráútà Wi-Fi tó ní 5 GHz, kí wọ́n sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. MiFi kékeré kì í sábà gbé e dáadáa.

Ìṣírò ẹni tó ti ní aládàádúró tẹ́lẹ̀ tún yàtọ̀. Quest àkọ́kọ́ jáde ní 2019, Quest 2 ní 2020, Quest 3 ní 2023, Quest 3S ní 2024. Ní 2023 ni Meta kéde pé òun ò ní fi nǹkan tuntun kún Quest àkọ́kọ́ mọ́, pé àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò sì parí ní 2024. Ẹni tó bá rí i ní pọ́ọ́kú lórí àtẹ tòkunbọ̀, ohun ẹ̀ṣọ́ ló rí. Quest 2 àti 3S ní iye píksẹ́lì kan náà, 1832 ní 1920 fún ojú kọ̀ọ̀kan, irú lẹ́ńsì kan náà tó ní òrùka-òrùka ló sì wà nínú wọn. Ọpọlọ ló yàtọ̀, àti pé 3S ń fi yàrá hàn ní àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí Quest 2 ń fi í hàn ní dúdú àti funfun. Ẹni tó ń fi Quest 2 wo fíìmù tàbí ṣe eré ìmárale lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń sá tẹ̀ lé gèémù tuntun kò lè jókòó, torí wọ́n ti ń ṣe àwọn kan fún Quest 3 àti 3S nìkan. Bó bá jẹ́ ìwé tàbí ọ̀rọ̀ kíkọ ni èèyàn fẹ́ máa kà nínú rẹ̀, Quest 3 ni, torí lẹ́ńsì pẹlẹbẹ rẹ̀ mọ́ dé etí.

Meta kì í ta awò yìí ní tààrà ní Nàìjíríà. Àwọn tó wà ní Computer Village n'Ìkẹjà àti ní Alábà, oníṣòwò ló kó wọn wọlé, nítorí náà dọ́là ló ń darí iye wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, dọ́là 299 ni 3S tó kéré jù, Quest 3 jẹ́ 499, kí owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò tó wọ̀ ọ́. Bó bá bàjẹ́, ọwọ́ ẹni tó tà á ni ọ̀rọ̀ wà, kéèyàn sì béèrè nípa ìyẹn kó tó sanwó. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé lẹ́ńsì sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó ti ha. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lára páàdì kí ẹ wò ó bóyá nǹkan ń dá rìn lójú skíríìnì. Ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì fi àkáǹtì yín wọlé sórí rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú fóònù àti dátà yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ ṣe ìyẹn nílé, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Quest 2, ẹ béèrè ìbòjú rọ́bà rẹ̀: ní 2021 ni Meta, tó ṣì ń jẹ́ Facebook nígbà náà, fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà nítorí pé fóòmù àtijọ́ ń yún àwọn kan lójú, òógùn Èkó ò sì ní jẹ́ kí fóòmù pẹ́.

Kò síbi tí èèyàn á ki mẹ́mórì káàdì sí, nítorí náà GB tí ẹ bá rà ni ẹ ó lò títí. Gèémù ńlá kan lè lé ní GB 10, àmúdójúìwọ̀n awò fúnra rẹ̀ kì í kéré, dátà sì ti wọ́n sí i látìgbà tí NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí àfikún tó lè dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìíní 2025.

Awò Quest 3 tàbí 3S lé díẹ̀ ní gíráàmù 500, iwájú ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà, ọrùn á mọ̀ ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Obìnrin tó dirun ńlá sẹ́yìn orí lè rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ kò dúró. Bẹ́líìtì líle tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ máa gbé e lọ síbi ọjọ́ ìbí ọmọdé láti fi pawó ní tiwọn. Awò kan kò lè gbé ayẹyẹ wákàtí mẹ́rin láìsí power bank, nítorí náà méjì ni wọn yóò rà, kí ọ̀kan máa gba iná nígbà tí èkejì wà lórí. Ìbòjú rọ́bà ni kí wọ́n lò, kí wọ́n máa nù ún láàárín ọmọ kan sí èkejì. Ọmọ ọdún 10 ni Meta sì fi ṣe ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀, lábẹ́ àkáǹtì tí òbí ń ṣọ́.