Fóònù tó bọ́ sómi: bá a ṣe ń wá ibi tó ti bríìjì lórí pánẹ́ẹ̀lì

Òjò ti ń rọ̀, àwa tá à ń tún fóònù ṣe náà ti ń rí iṣẹ́. Fóònù tó bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọmọ da zobo sí, èyí tó wà lápò ṣòkòtò tí wọ́n fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ, èyí tó já sí ṣáláńgá (ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún ẹnjiníà kó tó fọwọ́ kàn án o), gbogbo ẹ̀ ló ń bọ̀ lórí tábìlì, ohun méjì tí kọ́sítọ́mà sì sábà máa ń sọ ni pé "mo ti kì í bọ ìrẹsì" àti pé "wọ́n ní power IC ti lọ". Ti power IC yìí (IC ni àwọn ẹ̀yà dúdú pẹlẹbẹ inú fóònù, èyí ló ń pín iná fún àwọn tó kù), ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣòótọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bá a ṣe ń mọ ohun tó ṣe é gan-an, ìyẹn ibi tó ti bríìjì (tí iná gba ọ̀nà ẹ̀bùrú) lórí pánẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀dù inú fóònù tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ẹni tẹ́ ẹ bá gbé e fún.

Ká kọ́kọ́ mú ti ìrẹsì kúrò ńlẹ̀. Abẹ́ àwọn páànù kéékèèké tí wọ́n fi bo IC ni omi máa ń lúgọ sí, ìrẹsì ò lè fà á jáde níbẹ̀. Apple pàápàá sọ ọ́ lọ́dún 2024 pé káwọn èèyàn má ki iPhone bọ ìrẹsì, pé ẹ̀rún ẹ̀ lè bà á jẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rún yẹn ló ń bí mi nínú, àsìkò tó ń lọ lásán ni. Omi nìkan kọ́ ló ń pa fóònù, torí omi tó mọ́ gaara ò fi bẹ́ẹ̀ gbé iná, iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú omi ló ń gbé e, iná bátìrì tó tó 3.7 sí 4.2 volt á wá máa gba inú omi yẹn láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì, á máa jẹ bàbà orí pánẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀, ibi kan á dógùn-ún á ní àwọ̀ ewé, ibòmíì á hu nǹkan funfun. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pa fóònù, láìnì (ọ̀nà tí iná ń gbà lórí pánẹ́ẹ̀lì) tó wá tààrà látọ̀dọ̀ bátìrì ṣì ní iná lórí. Ìdí nìyẹn tí fóònù á fi bọ́ sómi, á gbẹ, á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá di òru ọjọ́ kan, ó kú fin-ín.

Torí náà nílé: ẹ pa á, ẹ má ki ṣájà sí i, ẹ má fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ (ṣe ló máa ń ti omi wọlé sí i), ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ń tàn. Tí bátìrì ẹ̀ bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́. Kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó lè ṣí i lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Tó bá dé ọwọ́ mi, bátìrì ni mo máa kọ́kọ́ já kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì kí n tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ló kàn. Ọ̀pọ̀ fóònù ní bébà funfun kékeré kan nínú ihò SIM, tómi bá kàn án á di pupa, torí náà ẹni tó ní "omi ò kàn án rí o" kàn ń yọ ara ẹ̀ lẹ́nu ni. Màá ṣí àwọn páànù yẹn, màá fi isopropyl alcohol 99% àti búrọ́ọ̀ṣì fọ pánẹ́ẹ̀lì dáadáa. Àwọn kan ń lo bẹntiróòlù àti tíínà, mi ò fara mọ́ ọn o, tíínà máa ń jẹ rọ́bà ara àwọn kọnẹ́tọ̀, ẹ ó wá máa wá àìsàn tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má fojú kéré fífọ̀ yìí ṣá, torí nígbà míì ìdọ̀tí tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀ nìkan ni gbogbo ẹjọ́ náà, tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tó gbẹ, fóònù á tàn.

Tí ò bá tàn, a dé ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Màá so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ power supply (ẹ̀rọ tó ń fún un níná dípò bátìrì), màá gbé e sí 4 volt, màá wo iye iná tó ń fà. Tó bá ti ń fa iná gidi nígbà tí mi ò tíì tẹ bọ́tìnì kankan, láìnì ńlá tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá ló ti bríìjì, ìyẹn ni pé iná ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà lọ sí ground (ibi tí iná ń gbà padà sọ́dọ̀ bátìrì) láì ṣiṣẹ́ kankan. Tí ò bá fa nǹkan kan àfìgbà tí mo tẹ bọ́tìnì, tó wá fò sókè lójijì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn láìnì kéékèèké tí power IC ń pín iná fún ni. Ohun tí nọ́ńbà yẹn bá sọ ló máa jẹ́ kí n mọ ibi tí màá kọjú sí.

Ìgbà yẹn ni mítà á wọlé. Diode mode (ọ̀kan lára ibi tá a lè gbé mítà sí) la máa ń lò, wáyà pupa lórí ground, wáyà dúdú lórí láìnì. Láìnì tára ẹ̀ dá sábà máa ń ka nǹkan bíi 0.3 sí 0.6, èyí tó ti bríìjì á ka òdo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan máa ń gbé mítà sórí èyí tó ń ké, bó bá ti ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU (ọpọlọ fóònù) báyìí wọ́n á ní "ó ti ṣọ́ọ̀tì!" (ìyẹn ni pé ó ti bríìjì), bẹ́ẹ̀ láìnì CPU ò ju ohm díẹ̀ lọ nígbà tára ẹ̀ le koko, mítà á ké ni jàre. Ṣe ló yẹ kí wọ́n fi wé pánẹ́ẹ̀lì irú fóònù yẹn tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá wò ó, mítà á sọ láìnì tó bríìjì fún yín, kò ní sọ ẹni tó bríìjì í. Lórí láìnì kan, kàpásítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná fúngbà díẹ̀) lè pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n kéré ju hóró ìrẹsì lọ, gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ kan tẹ láìnì tí wọ́n fẹsẹ̀ kejì tẹ ground. Bó ṣe jẹ́ pé tí ilé kan bá bríìjì wáyà, fíúsì ara transformer á já, gbogbo àdúgbò á sì wà lókùnkùn, bẹ́ẹ̀ náà ni kàpásítọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè pa odindi fóònù, tẹ́ ẹ bá sì fi mítà kan èyíkéyìí nínú wọn, òdo kan náà lẹ máa rí. Ohun tá a máa ń ṣe ni ká fi power supply ti iná díẹ̀ sínú láìnì yẹn, ká bẹ̀rẹ̀ láti 1 volt tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tó bríìjì yẹn ni gbogbo iná ń gbà kọjá, òun ló máa gbóná. Ẹni tó ní kámẹ́rà tó ń rí ooru á rí i lójú ẹsẹ̀. Àwa tí ò sí lọ́wọ́ wa, a ó jó rósìnì (oje igi tá a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì) kí èéfín funfun ẹ̀ bo ojú pánẹ́ẹ̀lì, ibi tó bá kọ́kọ́ yọ́ ni. Tàbí ká da alcohol sí i, ká wo ibi tó kọ́kọ́ gbẹ.

Ibí yìí ni wọ́n ti ń pa fóònù jù. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fún láìnì ní iná tó ju èyí tó ń lò lọ. Láìnì tó ń lo 1.8 volt, tẹ́ ẹ bá ti 4 volt sínú ẹ̀, bí bríìjì yẹn bá ṣí pẹ́nrẹ́n báyìí, gbogbo IC tó wà lórí ẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Ti CPU tiẹ̀ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 1 volt. Wọ́n á jó o tán, wọ́n á wá ní omi ló pa á.

Tá a bá ti rí kàpásítọ̀ náà, a ó yọ ọ́, a ó tún wọ̀n ọ́n, tí òdo bá ti lọ, ó parí. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé fóònù á ṣiṣẹ́ láìsí i, àmọ́ èmi máa ń fi òmíì sí i. Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan kékeré ló ṣeé yọ sọnù bẹ́ẹ̀ o, coil àti resistor ò rí bẹ́ẹ̀, iná ń gba inú wọn kọjá ni. Tó bá wá jẹ́ IC fúnra ẹ̀ ló ń gbóná, tá a ti wo àwọn kàpásítọ̀ tó yí i ká dáadáa, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ power IC lè wá jóòótọ́. Torí náà tí ẹnjiníà bá ní kó pààrọ̀ IC, ẹ bi í pé láìnì wo ló bríìjì àti iye tí mítà kà. Tí ò bá rí nǹkan sọ, ẹ gba fóònù yín.

Lórí owó, mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn kó sanwó gọbọi nítorí nǹkan tí ojú ò fẹ́ẹ̀ rí. Kàpásítọ̀ ò wọ́n, wíwá a ló gba wákàtí.

Tó bá jẹ́ inú CPU ló ti bríìjì, mi ò kì í tan kọ́sítọ́mà, owó fóònù míì ló kù. Ibẹ̀ làwọn kan ti máa ń ní ká yọ memory ẹ̀ sínú òmíì torí fọ́tò. Kò ṣeé ṣe lórí fóònù òde òní, wọ́n ti ti àwọn fáìlì yẹn pa, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ CPU orí pánẹ́ẹ̀lì yẹn kan náà, àfi kí òun gan-an tàn. Nítorí náà ẹ tètè sọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, bóyá fóònù lẹ fẹ́ àbí fọ́tò. Tó bá jẹ́ fọ́tò, mi ò ní wáhàlà lórí kámẹ́rà àti sípíkà, màá gbájú mọ́ kó sáà tàn fún ìwọ̀nba àkókò tá a máa fi kó wọn jáde. Kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó dà sí i àti bóyá ẹ ti ki ṣájà sí i, torí omi iyọ̀ bíi ti òkun Elegushi lÉkòó kì í dúró de ọjọ́ kejì.