Òwò aláìrẹ́nijẹ àti àwọn ahunṣọ Ìjẹ̀bú

Òwò aláìrẹ́nijẹ (fair trade) ni ètò ọjà tó ń rí i pé owó tó tọ́ sí oníṣẹ́ ọwọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, kí alágbàtà tó bu èrè tirẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, aṣọ ọlọ́nà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ ọlọ́nà lórí òfì tó dúró lóòró. Bí wọ́n ti ń hun ún ni wọ́n ń fi òwú mìíràn ya ọ̀nà sí i lára: ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́, ejò. Ìtàgbé tí àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, ń gbé lé èjìká wà lára irú aṣọ yìí. Aṣọ náà ti rìn jìnnà. Àwọn Ijaw ní Niger Delta fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, àwọn obìnrin Akwete nílẹ̀ Ìgbò sì mú ọ̀nà ara rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ tiwọn. Ìjẹ̀bú fúnra wọn ló di ojú ọ̀nà òwò láàárín ọ̀sà àti òkè mú títí di ogun Ìmagbọ̀n tí wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1892, nítorí náà ọ̀rọ̀ alágbàtà kì í ṣe tuntun níbẹ̀.

Lágbàáyé, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọdún 1946 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Edna Ruth Byler, ará Amẹ́ríkà, ń bá àwọn obìnrin Puerto Rico ta aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe ọ̀nà sí. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ World Fair Trade Organization lónìí dúró ní 1989, ó sì ní ìlànà 10. Àmì Fairtrade tí a ń rí lára kọfí àti kòkó yàtọ̀ sí tirẹ̀: irè oko ni ìyẹn ń tẹ̀lé jù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí ń yẹ ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà náà wò látòkè délẹ̀.

Nínú ìlànà wọ̀nyí, àsansílẹ̀ ló wúlò jù fún ahunṣọ. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá béèrè, ẹni tó ń ra ọjà gbọ́dọ̀ san ìdajì owó, ó kéré tán, ṣáájú iṣẹ́, láìgba èlé. Ẹni tó ra òwú láwìn ti wọ gbèsè kí ó tó hun ìgbọ̀nwọ́ kan. Iye tí oníbàárà bá sì dárúkọ ni yóò gbà, nítorí olówó òwú ń dúró. Èésú, tí gbogbo ọjà Ìjẹ̀bú mọ̀, lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ìgbà tó bá kàn án ni yóò kó o. Nígbà Ojúde Ọba, tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń wá aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò náà gan-an ni àìlówó òwú ń dun ahunṣọ jù.

Ìlànà karùn-ún kan àwọn ọmọ. Ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé, bí ọmọbìnrin ṣe ń kọ́ híhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, bí wọn kò bá fi pamọ́, tí kò sì dí ilé ẹ̀kọ́ àti eré rẹ̀ lọ́wọ́.