Ìlànà Ìgbáyégbádùn Àjọ Yúróòpù lórí ìṣẹ́ àti ìdẹ́yẹsí

Ìlànà ìgbáyégbádùn Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ni àkójọ òfin, owó ìrànwọ́ àti àfojúsùn tí orílẹ̀-èdè 27 tó wà nínú àjọ náà jọ ń lò láti gbógun ti ìṣẹ́ àti ìdẹ́yẹsí. Agbára àjọ náà kò dọ́gba lórí méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá dẹ́yẹ sí lè fi òfin Yúróòpù pẹjọ́. Ti ìṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìrànwọ́ aláìní wà.

Ìbẹ̀rẹ̀

Abala 119 nínú Àdéhùn Róòmù ti 1957 ní kí owó iṣẹ́ ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Kì í ṣe àánú obìnrin nìkan ló bí i. Ilẹ̀ Faransé ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀rù sì ń bà á pé àwọn tó ń fi obìnrin ṣiṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú yóò gba ọjà mọ́ òun lọ́wọ́. Òfin náà sùn lọ títí Gabrielle Defrenne, tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù Sabena ní Bẹ́ljíọ̀mù, fi pẹjọ́. Ní 8 Oṣù Kẹrin 1976, ilé ẹjọ́ àjọ náà ní Luxembourg dájọ́ pé ẹnikẹ́ni lè gbára lé abala náà nílé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Àwọn òfin ọdún 2000

Òfin tó gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà jáde ní Oṣù Kẹfà 2000. Ó kan iṣẹ́, ẹ̀kọ́, ìlera, ilé gbígbé àti ọjà títà. Èyí tó tẹ̀ lé e ní Oṣù Kọkànlá dáàbò bo ẹni nítorí ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, àìlera ara àti irú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ nìkan. Àbá láti fẹ̀ ẹ́ wáyé ní 2008, ó sì há, torí gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò kan ìwé ìgbélùú. Ọmọ Nàìjíríà tí onílé kọ̀ láti fún nílé nítorí àwọ̀ rẹ̀ lè fi òfin náà pẹjọ́. Èyí tí wọn kò fún ní físà nítorí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò lè fi í pẹjọ́.

Mítà iná ìlú Dupnitsa

Ní àdúgbò Gizdova ní Dupnitsa, Bùlgáríà, níbi tí ẹ̀yà Roma pọ̀ sí jù, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná gbé mítà iná gbogbo ilé kọ́ orí òpó, tó ga tó ìwọ̀n mítà mẹ́fà sí méje láti ilẹ̀. Níbòmíràn, gíga rẹ̀ kò ju ìwọ̀n mítà 1.7 lọ. Àlàyé ilé iṣẹ́ náà ni pé àwọn kan ń jí iná níbẹ̀. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò náà kò lè ka mítà tirẹ̀, ó sì fura pé owó iná òun ti lé. Obìnrin náà kì í ṣe Roma. Ní 16 Oṣù Keje 2015, ilé ẹjọ́ Luxembourg ní ẹni tí kì í ṣe Roma àmọ́ tó bá wọn jìyà náà lè pẹjọ́, pé àṣà náà sì ń tàbùkù gbogbo àdúgbò láìka ẹni tó jalè sí.

Ìṣẹ́

Ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àjọ náà máa ń to owó tó ń wọlé fún àwọn ènìyàn láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó ìdá 60 nínú 100 ti ẹni tó bọ́ sáàárín ni ìṣẹ́ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Ìdí nìyí tí aláìní ní Luxembourg fi lè lówó lọ́wọ́ ju òṣìṣẹ́ tó ń rọ́wọ́ mú lọ sẹ́nu ní Bùlgáríà. Wọ́n tún ń ka ẹni tí iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé wọn, àti ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká méje nínú ohun 13 kan, bí ẹran tàbí ẹja lọ́jọ́ méjì-méjì, ilé tó móoru, àti ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lókèèrè ilé.

Ní 2010, àjọ náà pinnu láti yọ mílíọ̀nù 20 kúrò nínú ìṣẹ́ kó tó di 2020. Ọwọ́ kò tó o. Ìpàdé Porto ní 2021 sọ ọ́ di mílíọ̀nù 15 kó tó di 2030, kí mílíọ̀nù márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ní 2023, nǹkan bí mílíọ̀nù 95 ló ṣì wà nínú ewu náà, ìyẹn bí ẹnì kan nínú márùn-ún. Òfin owó oṣù tó kéré jù tó jáde ní 2022 kò dárúkọ iye kankan. Swídìn àti Dẹ́nmáàkì kò tilẹ̀ ní irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá jọ fẹnu kò lé lórí ni wọ́n ń san.