Àìbìkítà oníṣègùn: nígbà tí oògùn apakòkòrò bá ba kíndìnrín jẹ́

Clinical negligence ni àwọn lọ́yà Ìlú Ọba ń kọ sínú lẹ́tà wọn. Àìbìkítà oníṣègùn la lè pè é, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà lè ṣì wá lọ́nà. Tí a bá ní ẹnì kan ò bìkítà, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni pé kò láàánú. Òfin ò wo àánú. Nọ́ọ̀sì tó ń fi sùúrù bá aláìsàn tún ìrọ̀rí ṣe lè jẹ̀bi, dókítà tó ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn sì lè máà jẹ̀bi. Ìbéèrè ilé ẹjọ́ ni: kí ló yẹ kí wọ́n ṣe? Ṣé wọ́n ṣe é? Tí wọn ò bá ṣe é, ṣé àìṣe é yẹn gan-an ló fa ìpalára?

Ẹ jẹ́ ká fi Gentamicin ṣàlàyé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí jẹ́ńtà láti ilé. Oògùn gidi ni. Ó ń gba ẹ̀mí là nígbà tí kòkòrò àrùn bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín ló ń lé e jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń há sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín, ó ń kó jọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, títí yóò fi máa pa wọ́n. Kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀ ò ní lè lé oògùn jáde bó ṣe yẹ mọ́. Oògùn á wá pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, á sì tún bà á jẹ́ sí i. Aláìsàn lè máa tọ̀ dáadáa ní gbogbo àsìkò yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí: ìdọ̀tí kan tó ń jẹ́ creatinine, tó yẹ kí kíndìnrín máa lé dànù, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, pàápàá láti bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje. Kíndìnrín sábà máa ń bọ̀ sípò tí wọ́n bá tètè dá oògùn náà dúró. "Tètè" yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ dá lé.

Gbogbo oníṣègùn ló mọ ewu yìí, ìdí nìyẹn tí ìlànà fi wà. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n mọ bí kíndìnrín aláìsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bó ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ iye oògùn tó ṣì kù lára. Tí creatinine bá wá di ìlọ́po méjì lọ́jọ́rú, tí èsì ti wà lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni ò wò ó, tí wọ́n sì tún gún abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i, ibẹ̀ ni ìkùnà wà.

Àmọ́ ìpalára nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Láti ìgbà ẹjọ́ Bolam ní 1957, dókítà kì í jẹ̀bi tí àwọn oníṣègùn mìíràn tó mọṣẹ́ bá lè sọ pé bí àwọn náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Ẹjọ́ Bolitho ní 1997 fi kún un pé àlàyé wọn gbọ́dọ̀ mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí wọ́n ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì bàjẹ́, ó ṣòro kó rí ẹjọ́ rò lórí ìtọ́jú yẹn, bó ti wù kó dùn wá tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń fọ́ ni okùnfà. Nínú ẹjọ́ Barnett, láwọn ọdún 1960, ọlọ́dẹ kan mu tíì tí májèlé áséníìkì wà nínú rẹ̀. Dókítà ọsibítù ò wá wò ó, ó ní kó máa lọ sílé, ó sì kú. Síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ò rí owó gbà, nítorí wọ́n ní ká tilẹ̀ ní dókítà wò ó, ì bá kú náà ni. Ìdájọ́ yẹn máa ń dùn mí, àmọ́ òun ni òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kíndìnrín rí, torí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ lè bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ á to èsì ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí creatinine bá ti ń lọ sílẹ̀ bí ara ṣe ń yá, tó wá ta gìrì sókè lọ́jọ́ kẹfà, oògùn là ń fura sí. Kò pọn dandan kó dájú ṣáká. Kí ìṣeéṣe rẹ̀ ṣáà ti ju ìdajì lọ.

Ọdún mẹ́ta ni òfin 1980 fún ni ní Ẹ́ńgílàndì àti Wales láti pẹjọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìpalára tàbí ọjọ́ tí èèyàn mọ̀ pé ìtọ́jú ló ṣeé ṣe kó fà á. Ọ̀pọ̀ wa ń sá fún un nítorí a rò pé àpò nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa ni owó á ti jáde. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ní Ẹ́ńgílàndì, NHS Resolution, àjọ tó ń bójú tó irú ẹjọ́ yìí, ló ń dáhùn fún ọsibítù ìjọba. Ọ̀fẹ́ lẹ sábà máa ń gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín, láàárín oṣù kan. Ẹ béèrè fún ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo abẹ́rẹ́ sí, pẹ̀lú gbogbo èsì ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì gba ti àwọn ọdún tó ṣáájú lọ́dọ̀ GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, torí òun ló máa fi hàn bí kíndìnrín ṣe wà kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.