Àwo rékọ́ọ̀dù nìkan kò lè pa orin àpàlà mọ́

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà olórin àpàlà àti wákà bá délẹ̀, gbólóhùn kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ìnáwó tí wọn kò sì fẹ́ gbé ẹgbẹ́ olórin wá. Wọ́n á ní orin wọ̀nyẹn kò lè parun mọ́, nítorí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú rékọ́ọ̀dù, ó ti wà lórí YouTube, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ kò ní ju kí ó tẹ fóònù lọ. Ìdí tí wọ́n fi gba bẹ́ẹ̀ gbọ́ yé mi. Ohùn ẹni tí ó ti kú láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn ṣì ń dún kedere nínú ẹ̀rọ, ó sì rọrùn láti rò pé ohun tí etí ṣì ń gbọ́ kò lè sọnù. Ìgbàgbọ́ òdì ni síbẹ̀, ó sì ń pa àwọn àgbà tí orin náà wà lọ́wọ́ wọn lára.

Àwo tí wọ́n fi ń tẹ orin nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, bẹ̀rẹ̀, èyí tí ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ ní ojú kan. Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan rẹ̀ gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Àpàlà òde ìnáwó kì í ṣe orin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó lè di ìdájí. Olórin yóò lé e, àwọn elégbè yóò gbè é, yóò ki olóde, yóò ki aya rẹ̀, yóò ki àwọn àna, yóò tún padà sí ègbè, bí wọ́n bá sì ṣe ń ná an lówó sí ni orin náà yóò ṣe máa gùn sí i. Oríkì ìdílé tí ó kì ní òru ọjọ́ náà kò sí nínú àwo kankan.

Ìtàn Hárúnà Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀, ẹni tí ó fi Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe ilé, fi èyí hàn. Ní 1948 ó ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ His Master's Voice, ó fi í kọrin Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, àwo náà kò sì tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, ó ṣe àtúnṣe sí orin náà, ó tún un gbé jáde ní 1955, orúkọ rẹ̀ sì kàn. Bí ó bá jẹ́ pé inú àwo ni orin ń gbé, inú àwo 1948 yẹn ni orin Orímolúsì ìbá kú sí. Ẹni kan náà yìí ni ó dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò mọ iyì àwo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti ìlù. Gángan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó lè mú lára ọ̀rọ̀. Kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò lè pe fáwẹ̀lì. Nítorí èyí, ìró kan náà lè bá gbólóhùn bíi mélòó kan mu, ọmọdé tí ó bá sì gbọ́ ọ nínú fóònù lè lù ú bí ó ṣe dún láìmọ ohun tí òun ń wí. Àgbà tí ó kọ́ ìlù náà ni yóò sọ fún un pé òwe báyìí ni, tàbí oríkì lágbájá ni. Ti agídìgbò kò yàtọ̀. Onílù gbé àpótí pákó náà sí itan, ó ń fi ìka ta àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò sójú rẹ̀, ó sì ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí kí ìró kejì lè máa bá ti irin rìn. Nínú àwo, ẹni tí kò rí ọwọ́ náà rí yóò rò pé ènìyàn méjì ni wọ́n ń lu nǹkan méjì. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbò, wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀mọ̀ràn náà sì ti ń darúgbó.

Àwo tilẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Bí ẹni tí ó ń gbé orin àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ kí ẹ̀rọ sáré díẹ̀ jù, ohùn akọrin á tín-ín-rín, ìlù á sì yá ju bí wọ́n ṣe lù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ yóò ṣe kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ náà jókòó nìkan ni ó lè ní kí wọ́n rọra.

Ẹ wo Fatai Rolling Dollar, àgbà olórin jùjú ní Èkó, ẹni tí Ebenezer Obey ti bá ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àwo rẹ̀ wà ní gbogbo ọdún tí ariwo rẹ̀ fi lọ sílẹ̀, wọn kò sì gbé e dìde. Ìgbà tí bàbá fúnra rẹ̀ padà sórí ìtàgé, tí ó ti lé ní 70 ọdún, ni àwọn ọmọ tí wọn kò tíì dáyé nígbà tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí orin rẹ̀, ó sì ń kọrin lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ní 2013. Ní ti àpàlà, Mùsílíù, ọmọ Hárúnà Ìṣọ̀lá, ni ó mú un padà sẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú «Sọ̀yòyò» ní 2000. Ti wákà tún le jù. Bàtílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí òun náà kú ní 2013, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé wákà sínú àwo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí wọ́n ń kọ ọ́ níbi ayẹyẹ Mùsùlùmí ṣáájú rẹ̀ ni kò fi rékọ́ọ̀dù kankan sílẹ̀, ohun tí ó kù nínú orin wọn wà lẹ́nu àwọn arúgbó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní agbára kí ó gbé ẹgbẹ́ àgbà wá síbi ìnáwó rẹ̀, kí ó sì san owó wọn pé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi fóònù ká wọn sílẹ̀, kí ó má gbé e sí ojú akọrin nìkan. Kí ó gbé e sí ọwọ́ alágídìgbò àti abẹ́ apá onígángan níbi tí ó ti ń fún ọṣán, kí ó jókòó ti onílù lẹ́yìn eré, kí ó ní, «Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìlù yín wí nígbà tí ìyàwó wọlé?» Kí ó kọ èsì náà sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ onílù sí i, nítorí ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ ni kò sọ ẹni tí ó lu ìlù inú wọn.