Agbábọ́ọ̀lù tó sanra dé láti ìsinmi: kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá lè ṣe fún un?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Pep Guardiola ti Manchester City sọ fún àwọn oníròyìn pé Kalvin Phillips kò fara pa o, pé ńṣe ló sanra dé láti ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Guardiola yìí kan náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún? Bí ó bá sì jẹ́ irọ́, kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀bẹ̀? Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀lé e la dáhùn sí ìsàlẹ̀ yìí.

Ṣé Phillips sanra lóòótọ́?

Ìwọ̀n rẹ̀ lé ju èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀ fún un lọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin tàbí èmi yóò pè ní sísanra.

Kí wá ni Guardiola ń tọrọ àforíjì fún?

Ibi tó ti sọ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí sínú yàrá ìmúra ló gbé síwájú kámẹ́rà. Phillips ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ náà já òun láyà, àti pé inú àwọn ẹbí òun kò dùn sí i, pàápàá jù lọ ìyá òun. Ẹ sì mọ̀ pé a lè fi òótọ́ yí akọ́nimọ̀ọ́gbá lérò padà, ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ tí a lè fi yí ìyá lérò padà pé ọmọ òun ti sanra jù.

Kílò kan tàbí méjì péré, kí ló le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀?

Agbábọ́ọ̀lù àárín máa ń sá tó kìlómítà 10 sí 12 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Kì í ṣe pé ó ń sáré gbọọrọ lọ bí ẹni ń rìnrìn àjò. Á já, á dúró, á yí padà, á tún já. Gbogbo ìgbà tó bá já ni kílò méjì yẹn ń bá a já, gbogbo ìgbà tó bá sì dúró lójijì ni orúnkún rẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe kílò gan-an ni ẹjọ́ wà lé lórí. Ibí yìí làwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í gbọ́, nítorí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a ń gùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan àti ọ̀rá. Ẹni tó ń gbé irin jálẹ̀ ìsinmi lè fi kílò méjì wúwo sí i, kí ara rẹ̀ sì já fáfá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn lè padà dé pẹ̀lú ìwọ̀n tó gbé lọ gẹ́lẹ́, kó sì jẹ́ pé iṣan rẹ̀ ló joro tí ọ̀rá gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í fi dúró lórí òṣùwọ̀n nìkan. Bí agbábọ́ọ̀lù bá wọlé dé, á bọ́ ẹ̀wù. Onímọ̀ oúnjẹ á fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn apá rẹ̀, á fi irinṣẹ́ kan tó jọ ẹ̀mú há a, á pe nọ́ńbà, ẹnìkejì á kọ ọ́ sílẹ̀. Á kan ikùn, á kan itan. Ènìyàn lè fa ikùn sínú fún ẹni tó ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ̀mú ò mọ ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọn á so ẹ̀rọ GPS kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, tí wọn á ní kó sáré, ẹ̀rọ náà á sì sọ bó ṣe yá tó àti ìgbà tó rẹ̀ ẹ́.

Ohun mìíràn ni pé agbára èémí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kì í dúró de ènìyàn. Bí agbábọ́ọ̀lù bá jókòó lásán fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, agbára náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ìbáà ṣe pé kò fi gíráàmù kan sanra.

Ìyà wo ni akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi jẹ ẹ́?

Owó ìtanràn lọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ rò. Nínú ìwé àdéhùn tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù ń bu ọwọ́ lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní kò ní san ju owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Fún ìràwọ̀ tó ń gba owó ńlá, ìyẹn kò lè gba oorun lójú rẹ̀.

Ohun tó ń dun agbábọ́ọ̀lù ni kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù kí òun máa wò. Nígbà tí Guardiola dé Manchester City ní 2016, Gaël Clichy, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, sọ pé ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá lé kò ní bá ikọ̀ ṣe ìgbaradì rárá. Samir Nasri wà lára àwọn tó fara gbá a. Lọ́tọ̀ ló ń ṣe ìgbaradì tirẹ̀, kí ọjọ́ tí wọ́n ń ra agbábọ́ọ̀lù tó parí, wọ́n ti yá a fún Sevilla. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni Louis van Gaal yọ Luke Shaw, ọmọ ọdún 19 tí Manchester United ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó gọbọi rà, sọ́tọ̀ nínú ìgbaradì wọn ní Amẹ́ríkà, tó sì fún un ní ètò tirẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Lójú tèmi, èyí ló gbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìyà náà gan-an ni ìwòsàn.

Ṣé wọ́n lè jẹ́ kó máa dá sáré káàkiri títí tí yóò fi sá lọ?

Rárá. Láti 2018, òfin FIFA ti là á sílẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá ń ni agbábọ́ọ̀lù lára kó lè fi àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kó yí i padà, agbábọ́ọ̀lù náà lẹ́tọ̀ọ́ láti já a, kó sì béèrè owó gbà-má-bínú. Ètò ìgbaradì tó ní ìdí, tó sì ní òpin, kò sí nínú èyí.

Bó bá jẹ́ òun ló ń gbá góòlù wọlé jù ńkọ́?

Ìgbà yẹn ni à ń mọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó láyà. Fabio Capello ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́, kò sí ẹni tó ní ẹ̀bùn tó Ronaldo ará Brazil. Síbẹ̀, ìwọ̀n Ronaldo yìí kan náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ní Real Madrid, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 2007, wọ́n tà á fún AC Milan. Madrid gba ife líìgì ní sáà náà.

Àwọn tó fẹ́ràn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó le máa ń dá ìtàn náà dúró síbẹ̀. Ó ṣẹ́ kù. Nígbà tí Ronaldo fẹ̀yìn tì ní oṣù Kejì 2011, ó sọ pé ní Milan ni wọ́n ti rí i pé ẹṣẹ́ táírọ́ìdì òun, èyí tó wà lọ́rùn, kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àìsàn tó máa ń mú ara wúwo. Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo kílò tó ní sọ́rùn àìsàn náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó pe ènìyàn ní ọ̀lẹ. Ronaldo tún ní òun kò lè lo oògùn rẹ̀ nítorí òfin tó de oògùn fún eléré ìdárayá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn pa oògùn tì. Levothyroxine, tí dókítà sábà máa ń kọ fún àìsàn náà, kò sí lára ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, fòfin dè.

Ṣé agbábọ́ọ̀lù kankan ti jẹ́wọ́ rí?

Eden Hazard. Ní 2019 ó sọ fún ìwé ìròyìn L'Équipe pé òun fi kílò 5 sanra nígbà ìsinmi, ó ní bí òun bá wà ní ìsinmi, ìsinmi ni òun wà.

Ṣé ó ti yọrí sí rere fún ẹnikẹ́ni?

Ferenc Puskás ni ti àtijọ́. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà tó dé Real Madrid ní 1958, lẹ́yìn tí ìfòfindè ti gbé e kúrò lórí pápá fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ sì ti tóbi gan-an. Wọ́n fún un láyè kó fi iṣẹ́ fa ara rẹ̀ wálẹ̀. Ní àṣekágbá ife Yúróòpù ti 1960, góòlù 4 ló gbá wọlé nínú 7 tí Madrid fi na Eintracht Frankfurt.

Ti Tanguy Ndombele lójú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta 2020, José Mourinho yọ ọ́ ní ìdajì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Tottenham àti Burnley, ó sì bá a wí lójú gbogbo ayé. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n rí Mourinho yìí nínú ọgbà kan ní àríwá London, òun àti Ndombele, tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa sáré. Ó rú òfin ìjọba, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ọwọ́ òsì ló fi bá ọmọ wí, ó tún fi ọ̀tún fà á mọ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ní sáà tó tẹ̀lé e, Ndombele gbá bọ́ọ̀lù tó dára fún un. Kò tọ́jọ́, ṣùgbọ́n a rí i.

Àwọn ọmọdé ni mo ń kọ́. Ṣé kí n máa wọ̀n wọ́n?

Ẹ má wọ̀n wọ́n níwájú ara wọn, ẹ má sì ka nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sókè. Ọmọ tó ń dàgbà lè sanra kó tó ga, lóṣù díẹ̀ sí i á ti nà jáde. Èyí tí ẹ bá dójú tì lè dákẹ́ kó má jẹun mọ́. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń yẹra fún oúnjẹ, tó ń rù, tó sì ń tètè rẹ̀, ẹ pe àwọn òbí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Bí mo bá ní kó máa sáré yí pápá ká títí tí yóò fi fọn ńkọ́?

Ẹni tó ti jókòó fún oṣù kan, tí ẹ wá ń lé e bí ẹṣin, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já. Ẹ máa fi kún iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní ti àwọn tó ń wé náílọ́ọ̀nù mọ́ra sáré nínú oòrùn, omi ara ló ń jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Bí wọ́n bá ti mu omi tán, ìwọ̀n á padà síbi tó wà. Ẹlòmíràn kì í dúró mu omi náà kó tó dákú.

Wọ́n ní oògùn kan wà tó ń fa ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́.

Àwọn kan nínú wọn jẹ́ oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, òfin WADA kò sì gbà á fún eléré ìdárayá nígbàkigbà, yálà ìdíje wà tàbí kò sí. Kò tilẹ̀ dìgbà tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni ẹ ń gbá. Shane Warne, àgbà ọ̀jẹ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ará Australia, fi ọdún kan jókòó sílé ní 2003 nítorí irú rẹ̀. Àlàyé tó ṣe ni pé ìyá òun ló fún òun.